Inú Táǹkì Roboto

Ní Turku, nígbà tí odò Aura dì gbagidi,
wọ́n ń kan ọkọ̀ tí yóò gbé gáàsì la òkun já.
Táǹkì rẹ̀ rí roboto, ẹyin tí ẹyẹ kankan ò lè sàba lé,
èèpo rẹ̀ ò sì nípọn ju ìka mẹ́ta lọ.
Irja gba ojú ihò wọ inú rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
iná ìjórin lọ́wọ́, ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́sẹ̀.
Ó pe orúkọ ara rẹ̀ wò:
irin náà pè é padà nígbà méje, kò dákẹ́ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó mu kọfí, Tauno àgbà fa ṣọ́ọ̀kì yọ
(ìṣirò ló ń kọ́ni tẹ́lẹ̀, kí ọtí tó lé e kúrò níwájú pátákó),
ó ya òbírí sára ògiri.
"Ohun gbogbo tó níwọ̀n ló ń fa ohun gbogbo.
Ẹgbẹ̀rin tọ́ọ̀nù nìyí. Bí o bá fara ti apá ọ̀tún,
ibo ni yóò fà ọ́ sí?"
"Apá ọ̀tún. Ẹni tó súnmọ́ni ló ń fani."
"Kò ní fà ọ́ síbì kan," ni Tauno wí.

Ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sí ògiri ìtòsí:
ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò ju àwo oúnjẹ lọ.
Ó yí i padà sẹ́yìn, ó tàn án sí ògiri ọ̀ọ́kán:
ìmọ́lẹ̀ fẹ̀, ó tó ẹní tí èèyàn mẹ́wàá lè sùn lé.
"Èyí tó súnmọ́ ọ le, àmọ́ kò tó nǹkan.
Èyí tó jìnnà ò le, àmọ́ ó pọ̀ jaburata.
Bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po mẹ́ta,
agbára á dín kù di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án,
irin tí ìmọ́lẹ̀ bò á sì di ìlọ́po mẹ́sàn-án.
Gbèsè àti owó dọ́gba. Kí ló kù?"
"Òfo."
"Òfo, láàárín ni o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni o, lórí àkàbà ni o.
Ilẹ̀ ló ń fà ọ́ wálẹ̀; èèpo yìí ò mọ̀ pé o wà.

Ṣùgbọ́n bọ́ síta.
Lójú ẹsẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà ọ́,
bí ẹni pé gbogbo tọ́ọ̀nù rẹ̀ ti fún pọ̀ di hóró kan
ní àárín gbùngbùn,
níbi tí kò sí nǹkan kan àyàfi afẹ́fẹ́."
Ó da kọfí tó ṣẹ́kù nù. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nílé wọn ní erékùṣù Rymättylä,
ìyá fẹ́ kó dúró, ẹ̀gbọ́n ní kó máa lọ sí Helsinki,
Hilja, ìyá àgbà, ò sọ nǹkan kan, ó ń yọ egungun ẹja fún ológbò.
Irja rò pé kò sẹ́ni tó ń fa òun.
Ó wọkọ̀ lọ sí Fremantle,
níbi tí oòrùn ti ń yan irin kí iná tó kàn án.

Lóru ọjọ́ kan níbẹ̀, kò sí ìròyìn, fóònù ò dún,
nǹkan fà á.
Kì í ṣe ìyá. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n.
Ojú kan ni, láàárín sítóòfù àti tábìlì,
níbi tí pákó ilẹ̀ kan ti máa ń dún kẹ̀ẹ́,
tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí.

Wọ́n ti sin Hilja kó tó délé.
Àga rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, irun ológbò lórí rẹ̀.
Ìyá wà, ẹ̀gbọ́n wà, ọ̀dùnkún ń hó lórí iná,
ó jókòó sáàárín wọn, nínú ilé,
fún ìgbà àkọ́kọ́ ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń fa òun.
Tauno ò sọ èyí fún un:
pé bí èèpo bá lu ihò,
apá tó kù ni yóò borí,
á máa fà ọ́ kúrò lọ́dọ̀ ihò náà.
Ó gbójú sókè.
Gbogbo wọn ló ti sún àga lọ sí apá kejì yàrá,
àfi ológbò.