Ẹsẹ̀ Tí Mo Tà

Ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú.
Kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n,
ó jókòó sórí páànù wa bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.
Níbi tí ọjà mi wà, ọ̀sán ṣì ni.
Ogójì ìṣẹ́jú ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lé àpótí ìdáná màmá mi,
mo fi okùn ọ̀rá so fóònù mọ́ ojú fèrèsé;
ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń rí wa.

Ìlérí méjì ló wà lọ́wọ́ mi.
Mo ra ọ̀kan: pé mo lè gba ìpín náà ní ọgọ́rùn-ún dọ́là.
Mo ta ọ̀kan: pé ẹni tó bá bèèrè ní márùndínláàádọ́fà,
màá fún un, ì báà wọ́n bí ojú.
Àwọn tó kọ́ wa ní òwò yìí ń pè wọ́n ní ẹsẹ̀.
Dọ́là kan àti ogójì sẹ́ǹtì ni mo fi wọlé,
mo fẹ́ jáde ní méjì àti mẹ́wàá.

Mo tẹ̀ ẹ́: ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, iye kan, kò gbọdọ̀ dín.
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Mo yọ sẹ́ǹtì márùn-ún. Kẹ́kẹ́ pa.
Mo tún yọ márùn-ún,
bí ẹni ń na egungun sí ajá onílé.

Ohùn kan ní: tú wọn ká.
Ta èyí tó ń pawó, kó owó ẹ̀ sápò,
èyí tí o tà ti fẹ́ kú fúnra ẹ̀,
ta ní í sanwó fún òkú?
Mo mọ ohùn náà. Fágbohùn ni, ọ̀rẹ́ mi ní Ìjerò,
tó tú tirẹ̀ ká lóṣù Ẹrẹ́nà, tó lọ wẹ̀.
Kó tó fọ ọṣẹ kúrò lójú, ìròyìn kan ti gbé ọjà fò.
Ó ta ọ̀kadà.
Ó ta ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
Kò tíì san án tán.

Màmá mi gbé àwo uṣu wọlé, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wa.
"Kí lo ń tà tójú ẹ fi le báyìí?"
Mo ní mo ra nǹkan kan, mo sì ti ṣèlérí ẹ̀ fẹ́lòmíì,
mo wá fẹ́ ta èyí tí mo rà.
Ó gbé àwo sílẹ̀.
"Bàbá tó bí mi fi oko kòkó dógò.
Kò gba ìdógò sílẹ̀ tó fi ta oko náà fún ẹlòmíì.
Èmi ni mo ń bá a ru àga lọ sí kóòtù,
ọdún mẹ́ta, torí ẹsẹ̀ ń dùn ún.
Ra ìlérí yẹn padà ná."

Mi ò sọ fún un pé bọ́tìnnì kan ló ń ṣe méjèèjì.
Mo fi wọ́n sílẹ̀ ní dídì bí wọ́n ṣe wà,
mo sọ iye kalẹ̀ sí kan àti márùndínlọ́gọ́rùn-ún.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Iná lọ.

Òkùnkùn Ẹ̀fọ̀n ní òtútù nínú.
Kọ̀ǹpútà kú, nítorí bátìrì ẹ̀ ti di ọ̀ṣọ́ láti ọdún tó kọjá.
Fóònù ń ṣẹ́jú lójú fèrèsé, ó ku ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo ń gbọ́ bí màmá ṣe ń jẹun,
mo ń ka ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń ka ìṣẹ́jú.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí fóònù tó dún, ìró kan ṣoṣo.
Ẹnìkan ti gbà á, níbì kan, n kò mọ orúkọ ẹ̀.
Dọ́là márùndínlọ́gọ́ta, kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́.

"O ti rà á padà?"
"Mo ti rà á padà."
"Àti èkejì?"
"Ó ti lọ."

Ó ti àwo sọ́dọ̀ mi nínú òkùnkùn.
Mo fọwọ́ wá a yíká.
Ó ti jẹ ìhà tí epo wà.