Kọ́kọ́rọ́ Táǹkì Omi

Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo ọmọ Ìtòkò.
Kànga ilé ìwé wa gbẹ, ó ku ẹrẹ̀ àti àkèré méjì.
Abẹ́òkúta, ìlú tí àpáta pọ̀ ju omi lọ:
táǹkì kan ṣoṣo ló kù fún wa, dúdú, lẹ́yìn kíláàsì,
ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀,
tó, tó, tó,
bí ẹni tó ń ka owó tí kì í ṣe tiẹ̀.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi,
mo fi lé Mojoyin Ṣóbándé lọ́wọ́,
olórí akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
tó fi bírò pupa kọ “Aṣíwájú” sẹ́yìn ìwé rẹ̀.
“Tíṣà, ta ni kí n fún?”
Mo ní, “Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?”
Mo yíjú sí ebè ata mi.

Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé pẹ̀lú kẹ́tù àti ike.
Fọlárìn dé láti yàrá kẹ́mísírì: ìdánwò ku ọ̀la.
Ìyá Ṣèyí alásè dé, ó ní
ẹ̀wà kì í fi omijé jinná.
Mojoyin ní kí gbogbo wọn ṣe sùúrù.
Ó bi bàbá rẹ̀. Ó bi ọ̀gá àgbà. Ó bi igbákejì ọ̀gá àgbà.
Ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bínú sí òun.
Ó pe ìpàdé, ìpàdé bí ìpàdé mìíràn.
Ilẹ̀ ṣú.
Tó, tó.

Láàárọ̀, àpáta tutù,
táǹkì ń dún bí igbá òfìfo.
Ó ń sunkún: “Mi ò tíì pinnu nǹkan kan, tíṣà!”
Mo ní, “O ti pinnu.
O pinnu pé kí àpáta mu ún.”

N ò nà án. N ò gba kọ́kọ́rọ́.
Kí n má purọ́, mo ti nawọ́ tán láti gbà á;
ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n pín omi
ju kí n dúró wo ọmọ tó ń pín in.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ omi kan gòkè wá láti Lafenwa,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbò arúgbó,
ìdajì ẹrù rẹ̀ ti dà sọ́nà.
Mojoyin ò pèpàdé.
Ó kọ́kọ́ fi rọ́bà inú táyà di ẹnu ẹ̀rọ.
Ó ti igi bọ táǹkì, ó wo ibi tó tutù dé.
Ó ka orí àwọn ọmọ, ó ń fi ètè ka ìyókù:
èwo ni kò lè dúró dọ̀la?
Ta ni yóò jìyà tí kò ní lè sọ̀rọ̀?
Bí mo bá ṣì í, ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ó fún àwọn ọmọ kékeré. Ó fún Ìyá Ṣèyí.
Ó fún kẹ́mísírì ní ike kan; Fọlárìn kùn, ó ní méjì ló yẹ.
Lẹ́yìn náà ló rìn wá bá mi níbi ebè, kò rán ẹnikẹ́ni.
Ó kúnlẹ̀, àmọ́ kò gbé ojú kúrò lójú mi.
“Tíṣà, ata yín ò ní rómi mu.
Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.
Kì í ṣe ọ̀gá àgbà. Kì í ṣe ìpàdé.”

Ọgọ́rin ìdí ata, tí mo fọwọ́ ara mi gbìn!
Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ “Mo pàṣẹ” ti dé ẹ̀yìn eyín mi,
mo gbé e mì, ó le bí eegun.

Ṣé ó tọ̀nà? N ò mọ̀ títí dòní.
Fọlárìn ò yege kẹ́mísírì,
ó sì ń rò ó fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ní Àṣẹ́rò.
Mojoyin gbọ́; ó ní òótọ́ ni, òun lòún pín in.

Ata mi rọ, ó gbẹ, mo fà á tu.
Mo lọ ra ata ní Kútọ̀, ó wọ́n, mo sanwó.
Ó ta mí lẹ́nu títí omi fi bọ́ lójú mi,
mo ń rẹ́rìn-ín nìkan nídìí àwo ọbẹ̀.