Òórùn Lábẹ́ Lọ́rì

A kọjá Mọ́pà, ọkọ̀ ń pọ̀ṣẹ́ gòkè,
òórùn kan bá mi nídìí sitíárìn.
Ẹgbẹ̀rún iṣu Ìsánlú ń bẹ lẹ́yìn,
mi ò lè dúró, mi ò lè sáré.

Ní Kàbà, Ọlọ́runnípa ní, "Ọ̀kun o."
Kò fọwọ́ kan sípánà.
Ó ní kí n paná ọkọ̀, kí n panu mi náà mọ́,
ó wá fimú rákò wọ abẹ́ lọ́rì,
bí ajá tó gbọ́ òórùn ọ̀yà.

"Bó bá dùn nímú, omi ráńdíétọ̀ ni.
Bó bá rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ọ́ìlì jíà ni.
Èyí..." Ikọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, a sùn.
Ilẹ̀ mọ́: ẹ̀kán mẹ́ta, dúdú bí àdí.
"Má wo ibi tó kán sí.
Ọ́ìlì a máa rìn kó tó kán."
Òkè lọ́hùn-ún ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti gan,
tí ọ́ìlì ń yọ́ bọ̀ sórí sàlẹ́ńsà gbígbóná.

Bàbá mi a máa gbé òórùn yìí wọlé nírọ̀lẹ́.
Àwa ọmọ a dì mọ́ ẹ̀wù rẹ̀,
a ní òórùn bàbá nìyẹn.

Àṣé ó ti ń jò látìgbà náà.