Àdúrà fún Àná

Ní Vardø, láti ìparí oṣù kọkànlá,
oòrùn kì í yọjú mọ́ títí Kérésìmesì yóò fi kọjá.
Òkun a dúdú bí ìdí ìkòkò,
àwa náà a gbé àtùpà sójú fèrèsé
bí ẹni ń pe ẹni tó ṣìnà.

Èmi ni mo ń yí kọ́kọ́rọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì,
ọdún mọ́kànlélógún rèé.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú mo ń gun àtẹ̀gùn mẹ́tàdínláàádọ́ta,
orúnkún mi ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ẹ má bi mí ohun tí àkókò jẹ́.
Mo mọ òróró tó ń mu, mo mọ ibi tí ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́,
mo mọ̀ pé bí òtútù bá mú un, a fi ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀yìn.
Ìyẹn nìkan.

Ragnfrid, aya mi, kò sí lábẹ́ aago yẹn mọ́.
Ọkàn rẹ̀ ti tú okùn lébùúté,
ó ti padà sí oṣù kejì ọdún 1961,
ó jókòó ti fèrèsé, ó ń retí Eilert,
ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé ọkọ̀ lọ pẹja.
"Ṣé ó ti dé? Afẹ́fẹ́ yìí le jù."

Níbẹ̀rẹ̀, òtítọ́ ni mo sọ. Onígbàgbọ́ ni mí.
Mo ní, Eilert ti kú, òkun ló gbé e, ó ti pẹ́.
Ó bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún,
nítorí a ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un ni.
Lọ́jọ́ kejì ó tún bèèrè. Mo tún túfọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo pa Eilert láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.
Nígbà tó di ìkejìlá, ẹnu mi kọ̀.

Ó dì mí lọ́wọ́ mú: "Jẹ́ ká gbàdúrà fún un."
Mo kúnlẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe?
Omi tó ti dànù, mo ń fi igbá bù ú.

Mo kó ìtìjú mi tọ Pásítọ̀ Sigvaldsen lọ,
ọmọdé tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún.
Mo ní, ṣé irọ́ ni mo ń pa níwájú Ẹlẹ́dàá?
Ó mu kọfí rẹ̀ tán kó tó fèsì.
Ó ní kò sí àná lọ́dọ̀ Ọlọ́run,
pé gbogbo ọjọ́ tẹ́ níwájú Rẹ̀ bí àwọ̀n tí a sá sórí àpáta,
ojú àwọ̀n tó bá wù Ú ló lè fọwọ́ kàn.
Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé e délé, ó korò:
bí ó bá lè fọwọ́ kan ọjọ́ náà,
èéṣe tí Eilert kò fi dé?

Mi ò rí èsì. Mi ò ní parọ́ fún yín.
Ohun tí mo ń rò lórí àtẹ̀gùn rèé, èrò arúgbó ni:
bóyá lóru náà, nígbà tí omi dé àyà rẹ̀,
ara rẹ̀ ṣàdédé móoru díẹ̀,
ó gbọ́ ohùn àgbàlagbà méjì kan tí kò mọ̀ rí,
wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé tí a kò tíì kọ́.
Bóyá àdúrà wa kò pẹ́ jù. Bóyá kò kàn tó ni.

Dókítà fi àwòrán ọpọlọ aya mi hàn mí,
ihò dúdú, ihò dúdú.
Síbẹ̀ ó ń ṣe ohun tí ọpọlọ mi tó pé kò lè ṣe:
ó ń fẹ́ràn òkú bí ẹni tó ṣì lè là.

Lálẹ́ àná, ó bèèrè aago tó lù.
Mo ní mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.
"Ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"
"Òun náà ò mọ̀. Òtútù mú un."
Ó rẹ́rìn-ín, ó sún àtùpà mọ́ gíláàsì.
Mo kúnlẹ̀, egungun mi dún.
Olúwa, ni mo wí, ọkọ̀ kan ṣì wà lójú omi.