Ẹ̀yìn Bàbá Mi

Mo mọ ẹ̀yìn bàbá mi ju ojú rẹ̀ lọ.
Bí ẹ bá ní kí n yàwòrán rẹ̀ báyìí,
èjìká ni n ó kọ́kọ́ fà, ọ̀tún ga díẹ̀ ju òsì lọ,
kí n tó wá kọ nọ́ńbà kìíní tí ìyá mi, Nélida, fọwọ́ rán,
tí okùn rẹ̀ máa ń tú bí òjò bá ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yìn àwọ̀n ni wọ́n ń gbé mi jókòó sí ní Fray Bentos,
lórí àpótí tí iléeṣẹ́ fi ń kó ẹran inú agolo.
Iwájú mi, bàbá mi. Iwájú bàbá mi, ogun.
Odò ńlá wà lẹ́yìn àwa méjèèjì,
ó ń rùn bí ẹrẹ̀ àti ọ̀rá màlúù.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Eliseo Burgueño fi ṣe adílémú.
Ìka rẹ̀ ò jọ ìka mọ́, gbòǹgbò ni wọ́n jọ.
Èyí tó kéré jù lọ́wọ́ òsì, Salto ló ti dá;
wọ́n so ó mọ́ èkejì rẹ̀, ó sì fi wọ́n mú pẹnáritì.
Lórí pápá, kì í dákẹ́:
“Òsì! Òsì! Ta ló ń ṣọ́ ọkùnrin gíga yẹn?”
Nílé, máté lọ́wọ́, rédíò létí,
kì í sọ tó ogún ọ̀rọ̀ kílẹ̀ tó ṣú.
Lẹ́tà kan ti Montevideo wá nígbà kan.
Ó kà á, ó ká a, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.
Ibẹ̀ ló wà títí a fi ta tábìlì náà.

Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ni tolè,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun.
Láàárín òpó méjì, ọ̀rọ̀ yìí dorí kodò:
gbogbo ọjọ́ ni taṣọ́lé.

Ọmọ ọdún méje ni mí.
Àṣekágbá, òdo sí òdo, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára,
tí ìyá àgbà lè fi abẹ̀bẹ̀ dá dúró,
ń yí bọ̀ lórí koríko bí àlejò tó ń wá ilé ẹni kan.
Oyin ta mí létè.
Mo ké: “Papá!”

Ó bojú wẹ̀yìn.

Ojú rẹ̀ rèé, òógùn lórí ìpéǹpéjú,
ó là kalẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà lára mi.
Lẹ́yìn náà àwọ̀n mì díẹ̀
létí orúnkún mi, bí aṣọ tí wọ́n sá.

Olegario onígbàjámọ̀ sọ ọ́ fún gbogbo orí tó gẹ̀.
Ẹlẹ́ran ń gé egungun fún ìyá mi lórúkọ ẹran.
Àwọn ọmọdé ń yí ọsàn gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá,
wọ́n á ní, “Góòlù!”, wọ́n á sá.
Oníwèé ìròyìn bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.
Ó ní, “Oòrùn ni. Ó wọ̀ mí lójú.”

Oòrùn Fray Bentos, inú odò ló ń wọ̀ sí.
Ẹ̀yin ẹ sọ ibi tí odò wà.

Kò sẹ́ni tó bojú wòkè láti yẹ̀ ẹ́ wò.
Èmi náà ò sọ. Mo dàgbà, mo bímọ, n ò sọ.

Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ìka rẹ̀ ò lè de bọ́tìnnì mọ́,
èmi ni mò ń bá a dè é láràárọ̀, ojú ko ojú.
Kì í wò mí. Orí èjìká mi ló ń wò, síbi ilẹ̀kùn,
eékún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bíi pé nǹkan ń bọ̀.
Lánàá, mo dúró lórí bọ́tìnnì kẹta.
Mo ní, “Papá.”
Ó ní, “Oyin tún ni?”