Òdo Kọ́ Ni Òfo

Ní Vardø, oòrùn ti gba ìsinmi láti oṣù tó kọjá.
Aago mẹ́ta ọ̀sán péré ni, ilẹ̀ ti ṣú bí ìdí ìkòkò.
Èmi nìkan ló kù ní ọ́fíìsì èbúté,
èmi, kọ̀ǹpútà, àti tíì tó ti tutù.
Lọ́la, ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó,
Halvdan yóò dìde pẹ̀lú sílàìdì méje.
Ìkẹrin ni tèmi:
gbogbo ẹja tí a wọ̀n létí omi yìí fún ogún ọdún,
kó tó gorí igi, kó tó di pánla.

Fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ rí játijàti.
Ọdún jókòó síbi tó yẹ kí orúkọ ọkọ̀ jókòó,
orúkọ ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó mu àmupara.
Mo sọ ìlà di òpó, mo sọ òpó di ìlà,
àwòrán tó ti dojú dé gbórí sókè.
Iye kan kọ̀, kò gbéra.
Ẹnìkan ló tẹ àmì ìdánudúró síbi tí kọ́mà yẹ kó wà;
ẹ̀rọ kà á sí ọ̀rọ̀, kò kà á sí iye,
ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ,
àfi bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tọ́ọ̀nù ẹja jẹ́ àlọ́ lásán.
Mo yọ Àròpọ̀ kúrò láàárín àwọn ọmọ rẹ̀:
bí ó bá dúró tì wọ́n, gbogbo wọn a di aràrá.
Mo fa igun aláwọ̀ búlúù náà wálẹ̀
kí èṣín lè ráyè wọlé.

Ó wá ku àpótí kan.
Ẹgbàá ó lé mọ́kànlá. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ bi mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
bí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ilé ọ̀fọ̀ lòun wọ̀:
Ṣé kí n fi àlàfo sílẹ̀?
Ṣé kí n kà á sí òdo?
Àbí kí n fa ìlà, kí n so èṣí rẹ̀ mọ́ àmọ́dún rẹ̀?

Mo pe Aslaug, ẹni tó di ìwọ̀n mú nígbà náà.
Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ṣì mú ju tèmi lọ.
“Òdo kẹ̀? Ta ló sọ pé òdo?
Òdo ni kéèyàn ju àwọ̀n, kó fà á sókè, kó mọ́ foo.
Ẹja pọ̀ lọ́dún yẹn, ọmọ mi. Ó pọ̀ débi ìríra.
Havsula ni kò padà dé. Peder wà níbẹ̀, òun àti àwọn mẹ́rin.
Mo ti ilé ìwọ̀n, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò,
n kò yọ ọ́ títí yìnyín fi yọ́.
Àwọn tó kù gbé ẹja wọn lọ sí Båtsfjord.
Kò sẹ́ni tó bá mi wí.”

Òfo, òfò:
àmì orí kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Halvdan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: So ó pọ̀, kó lè dán.
Ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ rí ihò.
Èèyàn burúkú kọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n tún èbúté ṣe ni.
Mo gbọ́ràn, mo so ó.
Ìlà náà gorí ọdún ọ̀hún kọjá bí afárá,
ó dán, ó gún,
kò sẹ́ni tí yóò bẹ omi wò lábẹ́ rẹ̀.
Mo wò ó fún ìṣẹ́jú kan.
Mo tẹ̀ ẹ́ padà.

Ìlà dé ẹgbàá ó lé mẹ́wàá, ó dúró;
ó tún bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì, nísàlẹ̀ díẹ̀.
Nínú àlàfo náà mo kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké:
A kò wọ̀n.

Aslaug ò tíì gbé fóònù sílẹ̀.
“Àwọ̀ wo lo fi fa ìlà ọ̀hún?”
Mo ní búlúù ni.
Ó dákẹ́ pẹ́.
“Má fi èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Jẹ́ kó dúdú díẹ̀.”