Aṣọ Tó Ń Pàtẹ́wọ́ Lóru

Aago méjì òru, lẹ́yìn ìlú Rawlins,
ní Wyoming tí igi ò pọ̀ tó láti dá afẹ́fẹ́ dúró,
aṣọ orí yàrá wa bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́.
Pà. Pà-pà. Á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń mí,
á tún wá gbá a: gbàà!
Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún? Èmi ò jó.
Dorsey náà ò jó. Ó dojú kọ ògiri,
ó ń díbọ́n pé òun ti sùn.

Ilé orí táyà la rà, lẹ́yìn tá a ta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa.
"A ta" ni mo wí. Dorsey ló tà á; èmi kàn fọwọ́ sí ìwé.
Yàrá kan wà lára rẹ̀ tó ń yọ síta bíi dúrọ́ọ̀:
ẹ tẹ bọ́tìnì, ògiri á rìn jáde,
àga gígùn á bá a lọ, èèyàn á rí àyè nasẹ̀ tantan.
Wọ́n wá ta aṣọ lé yàrá náà lórí
kí òjò àti ewé má bàa kó sí i.
Aṣọ tí wọ́n ní kó gbà wá lọ́wọ́ òjò
ni ò jẹ́ ká fojú ba oorun.

Ó gbé àkàsọ̀.
Ó yí sípíríǹgì inú ọ̀pá náà, ìyípo mẹ́rin,
títí aṣọ fi le bí ikùn ẹni tó yó.
Òru dé, ohùn rẹ̀ kàn yí padà ni.
Ó ra fóòmù gígùn táwọn ọmọdé fi ń lúwẹ̀ẹ́,
aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn,
ó kì wọ́n sábẹ́ aṣọ bí ìrọ̀rí.
Afẹ́fẹ́ fa ọ̀kan yọ. A rí i láàárọ̀
lára wáyà ọgbà àgùntàn, ó há síbẹ̀ bí ejò tó ṣìnà.
Ó fi okùn rọ́bà dè é. Okùn ń súfèé.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ:
ọkùnrin tó tún ojú irin ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ò rí ègé aṣọ kan tún ṣe.
Inú mi dùn sí i díẹ̀. Mi ò ní purọ́.

Ingrid Tollefsen ló kan ilẹ̀kùn, aládùúgbò wa,
tó da àgùntàn lórí pápá yìí kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ ọ́.
Kò wọlé. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn:
"Ibẹ̀ ló ti ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ lẹ kọ sí i.
Àgùntàn pàápàá kì í fi ẹ̀gbẹ́ gba ìjì.
Ẹ kọjú ọkọ̀ sí i. Bó bá le jù, ẹ fa yàrá yín wọlé.
Aṣọ tó ti ká, kí ló fẹ́ fi pàtẹ́wọ́?"
Ó lọ. Kò gba kọfí.

A yí ọkọ̀. Dorsey tẹ bọ́tìnì.
Ògiri rìn padà wá bá wa, díẹ̀díẹ̀,
aṣọ ká ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pá,
àga sún títí ó fi kan tábìlì,
orúnkún Dorsey kan tèmi.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ti ń kẹ̀yìn síra wa.
Níbi tó fún báyìí, kò sáàyè ìkẹ̀yìn;
bí ẹnì kan bá fẹ́ yí padà, ìkejì gbọ́dọ̀ dìde.

Ìjì dé. Ó ń wá ohun tí yóò mì.
Ìdérí kékeré kan ló rí níta: tín. Tín.
"Màá so ó lọ́la," Dorsey wí.
Mo ní, "Ilé yẹn ńkọ́?"
Ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Mi ò lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀ mọ́, Maudeen.
Mi ò fẹ́ kó o mọ̀."

Mo rántí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àkàsọ̀, bó ṣe ń gbọ̀n.
Mo ti rò pé afẹ́fẹ́ ni.